Fèyísọ́lá àti Dísíìkì Mẹ́rin

Nínú takisí tó ń ti Dùgbẹ̀ bọ̀ ni Akínbíyì ti kọ́kọ́ rí i. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó dúdú, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi ríbọ́ọ̀nù pupa so irun rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì gbé nǹkan kan tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀lù ọmọ wé lé ẹsẹ̀. Gbogbo ìgbà tí dẹ́rẹ́bà bá já sí kòtò ló ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé nǹkan náà sókè kó má baà gbọ̀n, tó sì ń fi ọ̀rọ̀ gún ọkùnrin náà lẹ́yìn.

"Dẹ́rẹ́bà, ẹ rọra! Ṣé gbogbo kòtò tó wà n'Íbàdàn lẹ fẹ́ kí lónìí ni?"

Àánú ṣe Akínbíyì. Ó rò pé abiyamọ tuntun ni. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ kú ewu ọmọ o. Ọmọ ọjọ́ mélòó ni?"

Obìnrin náà yí ojú sí i. Inú ti ń bí i tẹ́lẹ̀, èyí wá bù sí i. Ó ká ṣọ́ọ̀lù náà kúrò, irin dúdú kan sì yọjú, tó nípọn tó Bíbélì.

"Ọ̀gá, ẹ wò ó dáadáa," ó ní. "Ṣé ó jọ yín?"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, títí kan dẹ́rẹ́bà tí obìnrin náà ti ń bú bọ̀ láti Dùgbẹ̀. Ojú ti Akínbíyì. Ṣùgbọ́n ibi tí obìnrin náà ti sọ̀ ní Ring Road ni òun náà sọ̀, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì jọ gbà, títí obìnrin náà fi yíjú padà, tó di irin rẹ̀ mú pinpin.

"Ẹ má tẹ̀ lé mi o!"

"Mi ò tẹ̀ lé yín. Ilé bàbá mi ni mò ń lọ." Ó na ọwọ́ sí pátákó tó wà lẹ́nu géètì: ADÉGBỌLÁ ÀTI ỌMỌ, AWỌNLẸ̀. "Èmi ni ọmọ."

Obìnrin náà, Fèyísọ́lá Adéróunmú, wo pátákó, ó wo ọkùnrin náà, ẹ̀rín sì yọ lẹ́nu rẹ̀ láìjẹ́ pé ó fẹ́. "Èmi ni ẹ̀yin pè pé kí n wá tún sáfà yín ṣe," ló wí. Bí wọ́n ṣe pàdé nìyẹn, lọ́dún 1999.

Alàgbà Adégbọlá ló ni ọ́fíìsì náà. Ilẹ̀ ló ń wọ̀n, òun àti ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì ń gbé òkè ọ́fíìsì ọ̀hún, torí ìyá Akínbíyì ti kú tipẹ́. Sáfà ni ẹ̀rọ ńlá tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, òun ló ń tọ́jú gbogbo pílánù ilẹ̀ tí wọ́n ti yà, tí kọ̀ǹpútà yòókù sì ń lọ mú iṣẹ́ níbẹ̀. Dísíìkì mẹ́rin tí iṣẹ́ náà wà lára wọn ló wà níwájú rẹ̀, olúkúlùkù nínú dúrọ́ọ̀ kékeré tó ṣeé fà yọ. Ọ̀kan ti kú nínú wọn. Èyí tí Fèyísọ́lá fi ṣọ́ọ̀lù gbé wá ló fẹ́ fi dípò rẹ̀.

Akínbíyì dúró tì í bó ṣe ń ṣiṣẹ́. "Bí ọ̀kan bá ti kú, kí ló dé tí iṣẹ́ wa ò sọnù?"

"Ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó so wọ́n pọ̀. Ẹ jẹ́ ká ní mo pín ọ̀rọ̀ kan fún èèyàn mẹ́ta, mo wá sọ àròpọ̀ rẹ̀ fún ẹnì kẹrin. Bí ẹnì kan bá kú, àwọn tó kù á jókòó, wọ́n á ṣírò ohun tí òkú mọ̀."

"Bí ẹni méjì bá kú ńkọ́?"

"Ká máa sunkún ló kù." Ó ti dísíìkì tuntun náà wọ ipò kejì, ibi tí òkú ti kúrò. "Ẹ sì gbọ́ eléyìí o. Ètò yìí ò mọ ìkankan nínú wọn lójú. Ipò wọn ló mọ̀. Ẹni tó wà ní ipò kejì gbọ́dọ̀ wà ní ipò kejì."

Akínbíyì ní òun gbọ́. Irọ́ ni. Ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ ló ń wò, kò gbọ́ ohun tó ń jáde níbẹ̀, ìyẹn sì fẹ́ẹ̀ ba ayé àwọn méjèèjì jẹ́.

Ìfẹ́ wọn ò pẹ́ rárá kó tó gbóná. Akínbíyì a máa wá a lọ sí Bódìjà, nílé Rẹ́fúrẹ́ńdì Adéróunmú, bàbá rẹ̀, Onítẹ̀bọmi tó ti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wá dúró n'Íbàdàn. Wọ́n á rìn títí dé ẹnu ọjà, wọ́n á ra àgbàdo sísun, Fèyísọ́lá á sì máa bínú. Ó ń bínú sí àwọn oníná mọ̀nàmọ́ná. Ó ń bínú sí àwọn ọ̀gá tó bá bi í ní ìbéèrè, tí wọ́n á wá máa wo ojú ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ìdáhùn.

"Ìyá dísíìkì," Akínbíyì á ní, "sinmi díẹ̀, jẹ àgbàdo ẹ."

"Mò ń jẹ ẹ́. Mo lè jẹun kí n máa bínú."

Ohun tí Akínbíyì fẹ́ràn lára rẹ̀ gan-an nìyẹn. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ẹnì kan ṣoṣo ló láṣẹ láti bínú. Bí Bàbá bá ti gbé ojú sókè, gbogbo èèyàn á wo ilẹ̀. Ọmọkùnrin náà wá rí obìnrin tó ń sọ ohun tó ń dùn ún lójú ẹni tó ṣe é, ó dà bí ẹni pé wọ́n ṣí fèrèsé fún un. Nígbà tó ní òun fẹ́ ẹ, Fèyísọ́lá ní, "Mo gbà, ṣùgbọ́n má sọ pé n kò sọ fún ẹ, inú máa ń tètè bí mi." Akínbíyì ní òun mọ̀. Ìdílé méjèèjì dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ti kọ́kọ́ fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Fèyísọ́lá ní kí Alàgbà ra ẹ̀rọ tó ń fi tẹ́ẹ̀pù ṣe ẹ̀dà iṣẹ́. Alàgbà kọ̀.

"Ṣebí ìwọ lo ní bí ọ̀kan bá kú kò séwu?"

"Bí dísíìkì bá kú ni mo wí, sà. Bí ọwọ́ èèyàn bá ṣèèṣì ńkọ́?"

"Ọwọ́ ta ni yóò ṣèèṣì nínú ọ́fíìsì tèmi?" Alàgbà dìde, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ìmọ́tótó ìparí oṣù dé. Ọyẹ́ ti da eruku bo gbogbo nǹkan. Òfin ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde, nítorí náà Alàgbà àti ọmọ rẹ̀ nìkan ló wà nílé. Alàgbà mú àkísà funfun, ó nu tábìlì, ó nu àga, ó nu àwòrán ara rẹ̀ tó wà lára ògiri. Ó wá dé yàrá ẹ̀yìn. Ó pa sáfà bí Fèyísọ́lá ṣe kọ́ wọn láti máa pa á, ó fa dísíìkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ, ó nù wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì dá wọn padà. Akínbíyì wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Ó rí i. Kò sì rò ó sí nǹkankan.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, sáfà tàn, ṣùgbọ́n kò sí pílánù kankan nínú rẹ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Fèyísọ́lá. Kó tó jókòó ni Alàgbà ti pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. "Ẹ wá wo ẹni tó pa iṣẹ́ mi," ó ní. "Ètò tó ń so dísíìkì pọ̀, ètò ọlọ́gbọ́n. Ó fi iṣẹ́ ọdún gbọọrọ kọ́ṣẹ́."

Fèyísọ́lá jókòó sídìí sáfà. Ó wo iná, ó wo wáyà, ó yẹ dísíìkì wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń yí. Kò sí èyí tó kú, kò sí èyí tó ń ṣàìsàn, síbẹ̀ bó bá ní kí ètò náà kó wọn jọ, ìdàrúdàpọ̀ ló ń jáde. Gbogbo ẹlẹ́rìí wà láàyè, ẹjọ́ ò sì yé adájọ́. Ó gbé orí sókè.

"Ta ló fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí?"

Alàgbà ń wo òrùlé. Akínbíyì ń wo ilẹ̀.

Ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Adégbénró, tó ń ta kọ̀ǹpútà ní Challenge, ni Alàgbà tún ké sí. Ìyẹn wo ẹ̀rọ fìrí. Ó ní ọ̀rọ̀ kékeré ni: òun á dé lọ́la, òun á pàṣẹ fún ètò náà kó tún àkójọ dísíìkì dá láti ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì bọ̀ sípò.

"Ẹ ò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀!" Fèyísọ́lá ké. "Pílánù ṣì wà lórí wọn. Bí ẹ bá ní kó tún wọn dá báyìí, á kọ nǹkan mìíràn lé e lórí. Èyí tó bá kú nígbà náà ò ní jí mọ́."

"Èmi ni mo ni ẹ̀rọ," Alàgbà wí. "Lọ́la ni yóò ṣe é. Ìwọ, títí o ó fi wá kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì níwájú àwọn tí wọ́n jókòó yìí, má wá síbí mọ́. Kí ètò mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ náà dúró ná."

Akínbíyì sìn ín dé ẹnu géètì. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, bí mo bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ǹ bá gbá ọmọ náà létí. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ.

"Fèyí mi, kàn lọ kúnlẹ̀ fún wọn. Ní 'Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.' Ó parí."

"Kí wọ́n dárí kí ni jì mí?"

"Ohunkóhun. Àgbà ni wọ́n. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ ni, bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àgbà á fọ́ àwo, wọ́n á ní kí ọmọdé bẹ àgbà pé àwo fọ́. Àwọn tó ń parí ìjà á máa kí ara wọn kú làákàyè, ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ á sì wà lórí ìkúnlẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, inú ń bí mi.

"Akínbíyì, orúkọ mi ni wọ́n bàjẹ́ lójú gbogbo èèyàn níbẹ̀ yẹn. Orúkọ yẹn ni mo fi ń jẹun. Ta ló máa pè mí wá tún ẹ̀rọ ẹ̀ ṣe lẹ́yìn èyí?"

"Mo mọ̀, olólùfẹ́ mi, ṣùgbọ́n Bàbá ò mọ̀ọ́mọ̀. Wọn ò mọ̀ pé èèyàn ò gbọdọ̀ fa àwọn dísíìkì yẹn…" Ó ti pẹ́ jù kó tó pa ẹnu dé.

Fèyísọ́lá dúró. "Kí lo wí?"

"Wọ́n yọ wọ́n láti nù wọ́n ni. Lọ́jọ́ ìmọ́tótó."

"O rí wọn?"

"Mo rí wọn."

"Mo béèrè níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo ní ta ló fọwọ́ kàn án. Ilẹ̀ lò ń wò." Ohùn rẹ̀ ò ròkè mọ́, ìyẹn ló wá ba Akínbíyì lẹ́rù. "O mọ̀ pé n kò jẹ̀bi, o sì wá bẹ̀ mí pé kí n kúnlẹ̀. Bàbá ẹ kọ́ ló dùn mí jù. Ìwọ ni."

Takisí kan ń lọ, ó dá a dúró, ó wọ̀ ọ́. Kò bojú wẹ̀yìn. Omijé ń já bọ́ lójú rẹ̀ títí ó fi dé Bódìjà, inú sì ń bí i sí omijé náà. Ìyá rẹ̀, Túnráyọ̀, tó jẹ́ olùkọ́, bi í léèrè ohun tó dé. Nígbà tó gbọ́ tán, ó ní, "Wọ́n ní ìbínú ò da nǹkan fúnni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbínú tìrẹ yìí tọ́, ọmọ mi. Jẹun, kó o máa bínú lọ."

Ní Ring Road, Akínbíyì ò lè jẹun ní tirẹ̀. Inú ń bí i sí ara rẹ̀. Ó rí i pé gbogbo ọjọ́ ayé òun lòun ti ń wo ilẹ̀, àti pé ohun tí òun fẹ́ràn lára Fèyísọ́lá gan-an lòun kò ní ìgboyà láti ṣe.

Ilẹ̀ mọ́, Adégbénró dé. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wòran lẹ́nu ọ̀nà. Adégbénró jókòó sídìí sáfà, ó ti tẹ àṣẹ náà tán, ó ku kó fi ìka tẹ èyí tí yóò jẹ́ kó ṣiṣẹ́, nígbà tí Akínbíyì gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ dáwọ́ dúró."

"Akínbíyì!" Alàgbà ké mọ́ ọn.

Akínbíyì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Gbogbo èèyàn rò pé ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀ ni. Àfi bí ó ṣe gbé orí sókè láti ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí, tí ó sì ń bínú láti ilẹ̀ wá.

"Bàámi, ẹ̀yin lẹ fa dísíìkì yọ. Mo wà níbẹ̀. Fèyísọ́lá ò ṣe nǹkankan. Ẹ mọ̀, èmi náà mọ̀, àwa méjèèjì la sì jọ dákẹ́, tí a jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ gba ẹ̀gàn."

"Èmi lò ń bá wí?"

"Ẹ̀yin ni mò ń bá wí, sà. Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀yin náà ni mo ṣì ń bá wí."

Alàgbà na ìka sí àwọn dísíìkì. "Kí wá ni mo bàjẹ́? Mo nù wọ́n, mo tò wọ́n bó ṣe yẹ. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe olúkúlùkù wà lára rẹ̀, mo kà á. Àwọn mẹ́ta jẹ́ ẹgbẹ́. Ọmọ àná kan wá jókòó sí ipò kejì, àgbà méjì wà lẹ́yìn rẹ̀! Mo ní kí ọmọdé bọ́ sẹ́yìn. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?"

Àbẹ̀ḿbí tó ń tẹ ìwé fún wọn fi ọwọ́ bo ẹnu. Adégbénró ò tilẹ̀ bo tirẹ̀, ẹ̀rín ló bú sí. Akínbíyì ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ lọ́jọ́ tó ń wo ẹnu olólùfẹ́ rẹ̀ ló ń dún létí rẹ̀ báyìí. Ó dìde, ó sáré jáde, ó di Bódìjà.

Fèyísọ́lá gbọ́ ọ tán lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Wọ́n tò wọ́n ní bí wọ́n ṣe dàgbà sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Olúwa ò!" Ó mú àpò rẹ̀. "Mò ń bọ̀. Dísíìkì ni mò ń bá lọ o, kì í ṣe ìwọ."

Nígbà tí wọ́n dé, ó kí Alàgbà bó ṣe yẹ, ó pa ẹ̀rọ, ó fa ọmọ àná yọ ní ipò kẹrin, ó dá a padà sí ipò kejì, ó sì sún àwọn àgbà méjì náà sí ẹ̀yìn rẹ̀ bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó ní kí ètò náà kó wọn jọ fún kíkà nìkan, kó má kọ ohunkóhun sí wọn lára. Àwọn pílánù ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, gbogbo wọn pé.

"Ó dáa," Alàgbà wí.

"Mò ń retí ọ̀rọ̀ kan, sà," Fèyísọ́lá wí.

"Mo ní ó dáa." Alàgbà gun òkè lọ.

Fèyísọ́lá palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Akínbíyì tẹ̀ lé e dé géètì. Kò bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ọwọ́ wọ́nú. "Ọjọ́ Mọ́ńdè ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀," ó ní. "Mo já ẹ kulẹ̀. Mi ò ní wo ilẹ̀ mọ́ níbi tí wọ́n bá ti ń fi ìyà jẹ ẹ́. Bóo fẹ́ mi bóo kọ̀ mí."

"Mo gbọ́ pé o dọ̀bálẹ̀, o sì ń bá wọn wí láti ilẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe."

Fèyísọ́lá yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má baà rí i pé ẹ̀rín ń pa òun. "Ní ti àwa méjì, màá rò ó. Ṣùgbọ́n ìyàwó tí wọ́n pè ní abanǹkanjẹ́ ò ní wọ ilé yẹn. Ojú èèyàn ni wọ́n ti bà mí lórúkọ jẹ́."

Ó rò ó. Kò lè pẹ́ rò ó, torí ó fẹ́ràn rẹ̀. Akínbíyì ní bí Bàbá ò bá lọ tọrọ ọmọ fún òun, òun á kó ẹrù òun kúrò ní Ring Road, Alàgbà sì mọ̀ pé ọmọ tó lè bínú láti orí ìdọ̀bálẹ̀ lè ṣe ohun tó wí. Wọ́n tún ọjọ́ dá.

Ìdílé Adégbọlá dé sí Bódìjà pẹ̀lú agbádá àti èso. Alága wọn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ dídùn, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n dìde. Rẹ́fúrẹ́ńdì pe ọmọ rẹ̀ jáde. "Fèyísọ́lá, ṣé o mọ àwọn wọ̀nyí? Ṣé kí a gba ọ̀rọ̀ wọn?"

Fèyísọ́lá kúnlẹ̀ sáàárín yàrá. "Mo mọ̀ wọ́n, Dádì. Mo fẹ́ Akínbíyì. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbà, ẹ bá mi bi Bàbá Adégbọlá, ta ló ba iṣẹ́ ọ́fíìsì wọn jẹ́?"

Alága fẹ́ fi àdúrà bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Akínbíyì kò wo ilẹ̀. Bàbá rẹ̀ gan-an ló ń wò, Alàgbà sì rí i pé ọmọ náà ò ní gbé ojú kúrò.

Ọkùnrin àgbà náà dìde. Inú ń bí i, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́, ó sì sọ ọ́ sókè. "Èmi ni. Èmi ni mo tú u, mo sì purọ́ mọ́ ọmọ yín. Òun ló tún un ṣe. Màá wí bẹ́ẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa lọ́mọ."

"A gbà," Rẹ́fúrẹ́ńdì wí.

Orin ìyìn ta. Akínbíyì rìn wá, ó di ọwọ́ Fèyísọ́lá mú, ó fà á dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó fẹnu sún mọ́ etí rẹ̀.

"Ṣé inú ẹ ti rọ̀ báyìí?"

"Kò tíì rọ̀. Bó ṣe rí yìí ni mò ń gbé e bọ̀ nílé yín."

"Gbé e bọ̀, ìyàwó mi," Akínbíyì wí. "A nílò rẹ̀ níbẹ̀."